Ẹ gbà mí o, Lexus LS430 tí kò tíì rìn púpọ̀, mẹ́káníkì ní kí n pààrọ̀ gbogbo inú ẹ̀

Tíṣà Gáà Àkànbí:
Salam alaikum ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi, n ò sì rí ẹni bá sọ ọ́. Mo ra Lexus LS430 kan lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ Alhaji kan ní Ọ̀fà ni tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run ṣàánú fún wọn, àwọn ọmọ wọn ló tà á fún mi. Ọkọ̀ náà mọ́, mi ò purọ́ fún yín, 38,000 péré ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀, sítì aláwọ yẹn ò tíì wó rárá, náílọ́ọ̀nù ṣì wà lára bẹ́líìtì àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn, òórùn káńfọ̀ ló kún inú ẹ̀ torí Hajia máa ń jù ú sábẹ́ sítì kí eku má baà wọlé. Owó tí mo fi ọdún 6 dá sí kóópù níbi iṣẹ́ ni mo kó lé e lórí.

Mo wá gbé e lọ bá mẹ́káníkì tó ń bá mi ṣe Corolla mi látijọ́, mo ní kó bá mi ṣe sẹ́fíìsì. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé, ló bá mú bírò. Tàìmín bẹ́líìtì, wọ́tà pọ́ǹpù, ọ́ìlì ẹ́ńjìn, ọ́ìlì gíà, omi bíréèkì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bátìrì, plọ́ọ̀gì 8. Gbogbo ẹ̀ ₦1,600,000! Mo ní ọkọ̀ tí kò rìn? Ó ní "Tíṣà, ọkọ̀ yìí ti dàgbà." Mo bínú kúrò níbẹ̀. Mo délé, ìyàwó mi ní ṣebí òun sọ pé Sienna ni ká rà, àbúrò ẹ̀ náà tún ń bá a dá sí i pé ọkọ̀ ọlọ́lá kì í ṣe fún olówó oṣù. Rẹ́díò ò sọ̀rọ̀, AC ò tutù tó, kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa irú ọkọ̀ yìí, èwo ló pọn dandan nínú ohun tó kọ, èwo ló fẹ́ fi jẹ mí? Ẹ tètè dá mi lóhùn torí ọjọ́ Túsìdeè ni mo fẹ́ gbé ìyá mi lọ UCH n'Íbàdàn fún àyẹ̀wò ojú.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú oríire ọkọ̀ o Tíṣà, Ọlọ́run á fi gbé yín dé ibi ire. Mẹ́káníkì yẹn fẹ́ fi yín kọ́lé ni. Ọkọ̀ tuntun lọkọ̀ tó rin 38,000. Ẹ yí ọ́ìlì àti fílítà, ó parí. Lexus ò tiẹ̀ ń lo bẹ́líìtì, ṣéènì ni tiwọn.

Mẹ́káníkì Òmù-Àrán:
Ẹni tó ní ṣéènì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó bá oníbèèrè. Ẹ́ńjìn 3UZ ló wà nínú LS430, V8, 4.3 lítà, bẹ́líìtì ló ń lò láti mú kí fáàfù àti pístọ̀n máa lọ ní ìbámu. LS460 tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ló ní ṣéènì. Tíṣà, ẹ kọ lẹ́tà gígùn, ẹ ò sì sọ ohun téèyàn fẹ́ mọ̀. Ọdún wo ni ọkọ̀? 38,000 yẹn, ṣé máìlì ni àbí kìlómítà? Ṣé ìwé sẹ́fíìsì wà? Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ láìrìn?

Bàbá Ìbejì Táńkẹ̀:
Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì yìí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Acura MDX 2005 ni mo ní, kò tíì rin 70,000 máìlì, gbogbo èèyàn ní kò tíì tó àsìkò. À ń ti Ìlọrin lọ Ògbómọ̀ṣọ́, a ti kọjá Ọ̀tẹ̀ díẹ̀, èmi, ìyá àwọn ìbejì àti àwọn ọmọ lẹ́yìn. Kò gbóná, iná kankan ò tàn. Mo kàn gbọ́ "pàà" bí ìgbà tí wọ́n fi pátákó lu páànù, ẹ́ńjìn sì dákẹ́. Ẹ ò mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe rí o, ìró táyà lórí títì nìkan là ń gbọ́, síárìn sì le bí òkúta lọ́wọ́ mi, tírélà ń fun fèrè lẹ́yìn wa. Ọlọ́run ló yọ wá, ọkọ̀ yí lọ sétí títì fúnra ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìn, pístọ̀n ti gbá fáàfù, gbogbo ẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ́ńjìn tòkunbọ̀ ni mo padà rà. Tíṣà, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn.

Ìyá Àrámídé:
Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ tán kẹ́ ẹ tó wá máa bèèrè. Ọkọ tèmi náà nìyẹn, ó gbé Benz sílé wa ní Òró, ó lọ sókè òkun ọdún mẹ́rin, ó ní kò séwu, ọkọ̀ ò rìn kò lè bàjẹ́. Ìgbà tó dé, eku ti jẹ wáyà ẹ̀ bí ẹni jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tún fi fóòmù abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ́ ilé fún ọmọ wọn, ọmọ eku márùn-ún ni mo fọwọ́ ara mi kó kúrò lórí ẹ́ńjìn. Títí di òní iná ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn bó bá wù ú ló ń tàn. Wọ́n ní Hajia ń ju káńfọ̀ sábẹ́ sítì, ta ló ju káńfọ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì? Kí rewáyà wo wáyà yín dáadáa.

Tíṣà Gáà Àkànbí:
Ìyá Àrámídé, mi ò ra ọkọ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Mo gbé rewáyà dání lọ sí Ọ̀fà, ó fi skánà yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù kankan ò jáde. 2005 ni, máìlì ni. Ìwé wà, Alhaji tọ́jú ẹ̀ dáadáa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n yí ọ́ìlì ní 31,000, wọ́n tún yí i ní 36,000. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ bẹ́líìtì. Ohun tí mo rí kà ni pé 90,000 máìlì ni Lexus ní ká pààrọ̀ ẹ̀, 38,000 ò tiẹ̀ tó ìdajì, kí ló dé tí ẹ ó ní kí n lọ pààrọ̀ ohun tí kò tíì bàjẹ́? Owó ni o, kì í ṣe ewé.

Rewáyà Sawmill:
Ọ̀gá Tíṣà, skánà ò rí bẹ́líìtì. Ohun tó ní wáyà tó lọ bá kọ̀ǹpútà nìkan ló ń rí. Bẹ́líìtì lè kù fọ́nrán kan kó já, skánà á ní kò sí nǹkan. Mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Mẹ́káníkì Òmù-Àrán:
Ọlọ́run bù kún ẹ rewáyà. Tíṣà, 90,000 yẹn, ọkọ̀ tó ń rìn déédéé ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ń rin ọkọ̀ ẹ̀ bó ṣe yẹ á dé 90,000 láàárín ọdún 6 sí 8, á sì pààrọ̀ ẹ̀. Tiyín ti lé ní ọdún 20 tí wọ́n ti ṣe é. Rọ́bà kì í ka máìlì, ọjọ́ ló ń kà. Ooru ẹ́ńjìn ń gbẹ ẹ́, ooru Kwara yìí náà ń gbẹ ẹ́, bó dúró sójú kan ó tẹ̀ mọ́ pọ́lì, ó ń sán. Táyà náà nìyẹn. Ẹ lọ sídìí táyà báyìí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Ẹ kọ ọ́ síbí.

Ẹ́ńjìn yín yìí, fáàfù 32 ló wà nínú ẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá já, pístọ̀n á kọlù wọ́n bíi ti Bàbá Ìbejì. Plọ́ọ̀gì ni n ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ pààrọ̀ báyìí, irídíọ̀mù ni, ó ń lọ tó 120,000 máìlì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yẹn. Ìbéèrè kan ṣì wà tẹ́ ẹ ò dáhùn o: ó ti dúró fún ọdún mélòó?

Alfa Òkèlélé:
Mo fara mọ́ bẹ́líìtì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọ́ìlì gíà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni mo ti rí tó ń rìn dáadáa, wọ́n yí ọ́ìlì gíà, gíà kú láàárín ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n ní ti ayérayé ni ọ́ìlì yẹn.

Mẹ́káníkì Òmù-Àrán:
Alfa, ẹ dákun, ayérayé ò sí nínú ọ́ìlì. Gíà tó ń kú yẹn, ó ti ń kú kí wọ́n tó yí i, tàbí kí wọ́n da ọ́ìlì tí kì í ṣe tiẹ̀ sí i. LS430 láti 2004, gíà oníṣísẹ̀ mẹ́fà ni, ọ́ìlì Toyota WS ló ń mu, kò ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, abẹ́ ni wọ́n ti ń kún un, a sì gbọ́dọ̀ wo bó ṣe gbóná tó kí a tó dí i. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fa ọ̀pá gíà yọ níbẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Alfa Òkèlélé:
Èmi sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ má dà bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ rọra, ẹ̀yin àgbà. Tíṣà, mo gbà pé mi ò mọ̀ nípa ṣéènì yẹn, ẹ má bínú.

Tíṣà Gáà Àkànbí:
Mo lo tọ́ọ̀ṣì fi wo táyà, 3116 ló wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkẹrin ò hàn dáadáa. Ojú ẹ̀ ṣì kún o, kò jẹ rárá, àmọ́ tí mo bá tẹ etí ẹ̀ mo ń rí ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti Hámátánì bọ̀.

Mẹ́káníkì, torí tẹ́ ẹ ń tẹnu mọ́ ọn, látìgbà tí Alhaji ti kú ni, 2019. Inú ilé ló wà, àwọn ọmọ máa ń dáná sí i bí wọ́n bá wá sílé ọdún. Ìyẹn náà ò jẹ́ kó rìn jù, àǹfààní ni mo kà á sí. Láti ìgbà tí mo ti gbé e dé, ó ń rìn bí ẹni ń fò, omi lásán ni mo ń bù sí i, bíi pure water méjì lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, gééjì ò sì kọjá àárín àyàfi lọ́jọ́ Jímọ̀ tí hóòdù mú wa ní Pósítọ́fíìsì.

Mẹ́káníkì Òmù-Àrán:
Tíṣà! Omi wo? Ẹ ti ń bu omi sí i látọjọ́ yìí, ẹ wá ń bá wa sọ̀rọ̀ rẹ́díò?

Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má dáná sí ọkọ̀ yẹn mọ́, kódà láti gbé e kúrò lójú oòrùn. Bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù. Bí síìlì pọ́ǹpù bá ti gbẹ nítorí ìdúró, omi á máa ti ihò kékeré abẹ́ ẹ̀ jò sára bẹ́líìtì. Omi ń sọ bẹ́líìtì di ọbọrọ́, ó lè fo eyín, ó lè já, bẹ́ríìnì pọ́ǹpù náà lè gan. Ẹ́ńjìn yẹn látòkè délẹ̀ álúmíníọ̀mù ni, bó bá gbóná jù, orí ẹ̀ á wọ́. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo iwájú ẹ́ńjìn, lábẹ́, níbi tí àwọn bẹ́líìtì wà. Ẹ sọ àwọ̀ tẹ́ ẹ bá rí.

Ìyá Àrámídé:
Ìyá àgbàlagbà lẹ fẹ́ fi gbé lọ Ìbàdàn o. Tíṣà, ẹ ò ṣe dáadáa.

Tíṣà Gáà Àkànbí:
Ìyá Àrámídé, ìyá mi ni, mi ò ní fẹ́ kí ohunkóhun ṣe é. Èrò mi ni pé gbogbo ọkọ̀ ló ń mu omi, Corolla mi náà ń mu.

Mo ti wò ó. Nǹkan kan gbẹ síbẹ̀ bí iyọ̀, ó ní àwọ̀ bíi pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣàn wálẹ̀ láti ẹ̀yìn páànù dúdú kan tó bo iwájú ẹ́ńjìn. Mo fi èékánná ha á, ó ń fọ́. Lábẹ́ ẹ̀ ó tutù.

Mẹ́káníkì Òmù-Àrán:
Kúláàntì pupa tí Toyota ń lò nìyẹn, omi tó ń mú ẹ́ńjìn tutù, ó gbẹ ni. Mẹ́káníkì yín rí i nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tó fi kọ pọ́ǹpù mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ padà lọ bá a, ẹ bẹ̀ ẹ́. Kí ọkọ̀ tí ń gbé ọkọ̀ gbé e lọ. Bẹ́líìtì, pọ́ǹpù, àwọn pọ́lì kékeré àti tẹ́ńṣọ́nà, kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ojúlówó, Aisin dára, ẹ má ra ayédèrú láti yọ owó. Kẹ́ ẹ tún gbẹ epo inú táǹkì, ẹ yí omi bíréèkì torí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, táyà tẹ̀lé e. Ọ́ìlì gíà lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Rẹ́díò àti AC, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì Táńkẹ̀:
Tó bá jẹ́ owó ni, ẹ ṣe ti bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù lákọ̀ọ́kọ́. Táyà tẹ̀lé e kẹ́ ẹ tó jáde nílùú. Ìyókù á máa wá díẹ̀díẹ̀.

Tíṣà Gáà Àkànbí:
Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ Mọ́ńdè la wà yìí, mo ń kọ ọ́ láti ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ mẹ́káníkì mi, kò dá mi lóhùn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kàn ń wá sípánà, ṣùgbọ́n ó ti tú u. Bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán bí àwo, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó la ẹnu lójú ìdí eyín kọ̀ọ̀kan, mo ka eyín mẹ́ta tí igun wọn ti jẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ tutù, ó ń rùn bí omi ṣúgà. Pọ́ǹpù, tí mo bá fọwọ́ yí i, ó ń há. Mo ti ń fi nǹkan yìí sáré 110 lójú ọ̀nà Ọ̀fà sí Ìlọrin.

Ó ní kó tó parí á di Wẹ́sìdeè torí pọ́ǹpù ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Àyẹ̀wò ojú Màámi sì wà lọ́la, bá a bá pàdánù ẹ̀ ó di oṣù mẹ́ta. Ta ló ń lọ Ìbàdàn lọ́la nínú yín tó ní àyè méjì? Màámi kì í lè jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, orúnkún ń dùn wọ́n.

Bàbá Ìbejì Táńkẹ̀:
Èmi ń lọ. Aago 6 àárọ̀, n ó gbé yín lẹ́nu ọ̀nà yín ní Gáà Àkànbí. Kí Màámi jókòó níwájú.