Crankbait bass mẹ́sàn-án nínú àpótí kan: èwo ló bá omi wa mu?

Ọmọ Ìsánlú béèrè:

Okun o, ẹ̀yin àgbà apẹja. Àpótí crankbait kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Amẹ́ríkà, ìyẹn ìjẹ àtọwọ́dá tó dà bí ẹja kékeré, tí ìwọ̀ wà lára ẹ̀. Mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀, bass ẹlẹ́nu gbàgàdà ni wọ́n ṣe gbogbo wọn fún. Mo mọ̀ pé bass kì í ṣe ẹja omi wa. Giwa ruwa (Nile perch) ni mo fẹ́ fi wọ́n lé ní dáàmù Omi níhìn-ín ní Yàgbà, tó bá yá kí n gbé wọn dé Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja.

Mẹ́ta nínú wọn sanra, wọ́n kúrú, ètè wọn (ohun pẹlẹbẹ tó yọ síwájú lẹ́nu wọn) ní igun bíi páálí tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Méjì ní ètè rogodo, "8–10 ft" ni wọ́n kọ sí páálí wọn. Méjì tún wà tí ètè wọn gùn tó ìdajì ara wọn, "16–18 ft". Méjì tó kù ò létè rárá, wọ́n ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ téèyàn bá mì wọ́n. Ọ̀pá mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ó le gan-an, okùn híhun 30 lb ló wà lórí ríìlì.

Àwọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ jù sómi? Àti pé kí ló dé tí ọ̀kan nínú àwọn elétè gígùn ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó ń yà sọ́tùn-ún, tó sì ń yọ sókè omi kí n tó ká okùn dé ìdajì?

Baba Ìwọ̀ (Kàbà) fèsì:

Okun o, àbúrò. Gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ tì ná. Ètè ni kí o kọ́kọ́ wò, torí ètè yẹn ló ń ti orí ẹ̀ wọlẹ̀ bí o ṣe ń ká okùn. Èyí tí ètè ẹ̀ kúrú, tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n òbúkọ, kì í lọ jìn: ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5 ni, ara ẹ̀ a sì máa jó gan-an. Èyí tí ètè ẹ̀ gùn tó nà síwájú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn ẹ̀, ìyẹn ló ń wọlẹ̀ lọ.

Kí o tó yan èyíkéyìí, mọ bí omi ṣe jìn tó níbi tí o fẹ́ jù ú sí. Tí o ò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi, mú okùn, so òjé mọ́ orí ẹ̀, ta kókó sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, wọ inú ọkọ̀, kí o máa sọ ọ́ sílẹ̀ káàkiri. Tó o bá ti mọ iye ẹ̀, mú crankbait tí ìwọ̀nba tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 tàbí 2 ju omi yẹn lọ. Omi ẹsẹ̀ bàtà 7, elétè rogodo "8–10" ni kí o jù sí i. Àwọn tó ń pa bass kì í fẹ́ kí nǹkan náà kọjá láàárín omi lásán. Wọ́n fẹ́ kó máa fi ètè ha ilẹ̀, kó kọ lu òkúta, kó gbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹja kékeré tí ẹ̀rù bà. Ìgbà tó bá gbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni bass máa ń gbé e. Giwa ruwa náà, ẹja tó ń lúgọ ni, tó ń lanu fa oúnjẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti bass, nítorí náà ọgbọ́n yìí bá a mu.

Àwọn mẹ́ta onígun yẹn, igi ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Igun ètè wọn ló ń kọ́kọ́ kan kùkùté, á wá ta wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìwọ̀ tó débẹ̀. Ibi tí igi bá ti rì sínú omi tí kò jìn, àwọn ni kí o mú. Tó bá há, má fà á. Ìfàyá yẹn ló ń gbin ìwọ̀ sínú igi. Dẹ okùn pátápátá, kí o sì dúró: púpọ̀ nínú àwọn elétè ló ń léfòó, á fẹ̀yìn rìn jáde fúnra ẹ̀. Dán gbogbo wọn wò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí o tó kúrò nílé. Èyí tó bá rì, má gbé e dé àárín igi. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjì tí kò létè fi jẹ́ ti gbangba omi àti orí koríko inú omi nìkan. Wọ́n ń rì ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà o lè kà á: bí o bá fẹ́ kó dé 6, ka ení, èjì títí dé ẹẹ́fà kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ sí àárín kùkùté, kò ní léfòó, o ti sọ ọ́ nù nìyẹn.

Nọ́ńbà ara páálí kì í ṣe ìlérí o. Àwọn kan kọ ìjìn tó ń dé tí wọ́n bá fi ọkọ̀ wọ́ ọ lẹ́yìn, èyí tí ọwọ́ jù kì í dé. Elétè gígùn ń lo ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà láti wọlẹ̀, ìdá kan ló ń fi ń gòkè bó ṣe ń sún mọ́ ọ. Àárín nìkan ni iṣẹ́ wà. Bí o bá jù ú sí mítà 15, "16–18" yẹn kò ní fojú kan 16. Jù ú kọjá ibi tí o fojú sí dáadáa, kí ibẹ̀ lè bọ́ sáàárín ìrìn ẹ̀.

Okùn-ò-gbọdọ̀-já fèsì:

Baba ti sọ ti ètè tán, ẹ jẹ́ n mú ti okùn àti ti èyí tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Okùn tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ kí crankbait lọ jìn, torí omi kì í rí i dì mú. Okùn híhun 30 lb rẹ kò sábà nípọn ju mono (okùn ọ̀rá ẹyọ kan tí wọn ò hun) 8 tàbí 10 lb lọ, nítorí náà ìyẹn kọ́ ló ń gbé e sókè. Ibi tí híhun ti lè ṣe ọ́ níkà ni pé kì í nà. Okùn tí kò nà lórí ọ̀pá líle, tí ẹja bá ṣẹ́ orí, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta á ya ẹnu ẹ̀, á bọ́. Àwọn tó mọ bass dunjú ń fi ọ̀pá tó ń tẹ̀ láti àárín ju crankbait, ti fíbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, pẹ̀lú fluorocarbon (okùn mìíràn tí wọn ò hun) 10 sí 12 lb fún elétè gígùn, tàbí 15 sí 17 lb fún onígun láàárín igi. Fluorocarbon ń rì ju mono lọ, èyí náà ń fi díẹ̀ kún ìjìn ẹ̀. Bí o ò bá ní ọ̀pá mìíràn, so mono tó gùn ní mítà kan àbọ̀ sórí híhun rẹ, kí o dẹ bíréèkì ríìlì díẹ̀. Tí ẹja bá gbé e, má ja ọ̀pá sókè: máa ká okùn lọ, kí o rọra gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ti èyí tó ń yà, wo nǹkan mẹ́ta kí o tó fọwọ́ kan pílásì. Ṣé koríko ò dì mọ́ ètè ẹ̀? Ṣé ìwọ̀ iwájú ò kọ́ okùn? Ṣé kókó tí o ta kò tì sí ẹ̀gbẹ́ kan lára ojú wáyà, ìyẹn òrùka iwájú ẹ̀ tí à ń so okùn mọ́? Kókó tó fún mọ́ ojú wáyà á fà á sápá kan, á sì pa ijó ẹ̀. Ìkọ́ wáyà róbótó kékeré ni kí o fi so ó, kó lè máa mì fàlàlà.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, ojú wáyà náà ló wọ́. Lọ sétí omi tó mọ́, jù ú sí mítà 5, ká a bọ̀ tààrà, kí o máa wò ó. Di í mú kí imú ẹ̀ kọjú sí ọ. Ọ̀tún rẹ ló ń yà sí, àbí? Fi imú pílásì tẹ ojú wáyà sí òsì rẹ, díẹ̀ báyìí, tó ìnípọn èékánná. Tún un jù. Má yí wáyà náà bí ìgbà téèyàn ń yí ìdè, títẹ̀ ni kí o tẹ̀ ẹ́. Bí o bá yí i, ìdí ètè á là, crankbait yẹn parí nìyẹn. Lẹ́yìn tó bá ti ń rìn tààrà, fi eré ká a. Bó bá tún dojú dé nígbà eré, tún un tẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹlòmíì a kàn máa ká ríìlì ní eré àsápajúdé kó tó máa sọ pé nǹkan náà bàjẹ́. Ríìlì tó ń yí 5 tàbí 6 lẹ́ẹ̀kan ọwọ́ ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Fetí sọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú. Orí ọ̀pá á máa gbọ̀n rìrì ní gbogbo ìgbà tó bá ń rìn dáadáa. Bí gbígbọ̀n yẹn bá ṣàdédé dáwọ́ dúró, ó ti gbé koríko tàbí kí ẹja ti gbé e láti ẹ̀yìn, tó ń bá ọ bọ̀. Ká okùn le, kí o mọ èwo ni.

Alájá Mọ́pà fèsì:

Mi ò bá Baba jiyàn lórí ètè, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé àwọ̀ ò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wa ju ọ̀dọ̀ wọn lọ, torí omi wa a máa yí padà kánkán. Lásìkò òjò, tí àgbàrá bá ti wọ inú omi, pupa rúsúrúsú ló máa ń rí. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi wọ̀n ọ́n: mú crankbait lọ́wọ́, tẹ̀ ẹ́ bọ omi, kí o wo ibi tó ti pòórá. Bó bá pòórá kí omi tó dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ, mú èyí tó ní àwọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú, tàbí èyí tó ń dún, kí ara ẹ̀ sì máa jó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹja lè fi ara gbọ́ ọ bí kò tilẹ̀ rí i. Tí ọyẹ́ bá dé tí omi sì mọ́, mú fàdákà tàbí èyí tí ara ẹ̀ mọ́ gaara, kí ijó ẹ̀ má pọ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní bluegill: ẹja fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé tó ní ilà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí irú ẹ̀ bá wà nínú àpótí yẹn, má fi í ṣeré, torí tí èpìyà bá wà nínú digí, ohun tó máa rí nìyẹn.

Àwọn pupa tí wọ́n kọ "craw" sí, kì í ṣe edé inú ọbẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀dá mìíràn ni, ó ní ọwọ́ mímú bíi ti alákàn, abẹ́ òkúta ló ń gbé nínú omi tiwọn, bass sì fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe ẹ̀dá omi wa. Èmi á gbé àwọ̀ yẹn ságbẹ̀yìn.

Ọmọ Ìsánlú:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Mo tẹ ojú wáyà bí ẹ ṣe wí, lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ti ń wá tààrà. Ní ti Ọya ńkọ́? Mo gbọ́ pé tigerfish, ẹja eléyín mímú yẹn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú giwa ruwa ńlá. Ṣé ìwọ̀ tí wọ́n fi sí ti bass á gbà wọ́n?

Ìwọ̀ Lọ́kọ́ja fèsì:

Kò ní gbà wọ́n. Bass tó wà lókè ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, èyí tí George Perry pa ní Georgia ní 1932, 22 lb 4 oz ni, kílò 10 àti díẹ̀. Èyí tó bá a dọ́gba ní Lake Biwa ní Japan ní 2009 kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú. Kílò kan sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ń fi ìwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn pa lójoojúmọ́. Giwa ruwa lè ju kílò 100 lọ. Ìwọ̀ bass á nà gbọọrọ lẹ́nu ẹ̀ bí abẹ́rẹ́.

Pààrọ̀ ìwọ̀ àti òrùka kékeré tó so ó mọ́ ara crankbait, méjèèjì. Àwọn kan a pààrọ̀ ìwọ̀, òrùka á sì là. Mú ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tí wáyà ẹ̀ nípọn, nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú èyí tó wà níbẹ̀. Ìwúwo ẹ̀ á pọ̀ sí i, nítorí náà padà sí bọ́kẹ́ẹ̀tì: bó bá ṣì ń léfòó, tó dọ́gba, ó dáa. Bí ìdí ẹ̀ bá rì tí imú ẹ̀ yọ sókè, ìwọ̀ ẹ̀yìn ti wúwo jù, fi èyí tó kéré sí i rọ́pò ẹ̀.

Giwa ruwa kò ní eyín tó ń gé okùn, ṣùgbọ́n ìdérí ìjàgbọ̀n ẹ̀ mú bí abẹ. Mono tó nípọn tó gùn ní 60 sẹ̀ńtímítà níwájú crankbait ti tó fún un. Tigerfish ló nílò wáyà. Fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é, 15 sí 20 sẹ̀ńtímítà péré. Bó bá nípọn, àwọn kúkúrú onígun ò ní lè jó mọ́. Lo àwọn ike líle fún un. Èyí tí wọ́n fi igi fúyẹ́fúyẹ́ gbẹ́, eyín ẹ̀ á fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Eegun ló kún ẹnu ẹ̀, nítorí náà ìmọ̀ràn pé kí èèyàn má ja ọ̀pá, ti bass àti giwa ruwa nìyẹn. Tigerfish ní tiẹ̀, já a gidi.

Ọya máa ń kún jù níhìn-ín ní September sí October. Ìgbà yẹn omi ń sáré, ó sì dú, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Nígbà tó bá fà, dúró kí o jù ú ní ìdábùú sókè odò díẹ̀, kí omi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Odò fúnra ẹ̀ ń ti ètè náà, nítorí náà ká a díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ká a bí ìgbà tí o wà ní dáàmù, á dojú dé bó ti wù kí o tẹ ojú wáyà ẹ̀ tó. Kí o sì máa wo ike tó léfòó lójú omi kí o tó jù ú. Àwọ̀n àwọn apẹja ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìwọ̀ mẹ́fà tó bá wọnú àwọ̀n onílé, ìjà ni, ẹ̀bi rẹ sì ni.

Tí ẹja bá dé etí ọkọ̀, má sọ ọwọ́ sí i. Ìwọ̀ iwájú lè wà lẹ́nu ẹja kí ti ẹ̀yìn máa fò káàkiri. Fi àwọ̀n gbé e, fi pílásì gígùn yọ ọ́, kí o sì ti fi pílásì kan náà tẹ gbogbo ẹ̀gún ìwọ̀ náà pẹrẹsẹ nílé kí o tó jáde, torí ọjọ́ tó bá wọ ìka, á lè jáde láìsí dókítà.