Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ìbejì tóṣù wọn ò pé, ìgbà wo ni wọ́n gé ìwọ́ wọn?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o ẹ̀yin ìyá. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ó yẹ ká bi wọ́n. Oyún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́sẹ̀ 32 ni omi ṣàdédé tú lára mi lóru, ọkọ mi bá sáré gbé mi wá sí Adó, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni mo mọ̀ lára. Bá a ṣe dé, ohun tí dókítà kọ́kọ́ wò ni skáànì mi, ṣé ibi ọmọ kan ni àbí méjì. Méjì ni, kálukú ló ní tiẹ̀.

Táyé forí wá, ó ké, ohùn ẹ̀ ò ju ti ọmọ ológbò lọ. Wọ́n fi ọ̀rá àti aṣọ gbígbóná wé e, wọ́n dé fìlà sí i lórí, àmọ́ wọn ò gé ìwọ́ o! Nọ́ọ̀sì àgbà fi ìka méjì mú ìwọ́ yẹn, ó ṣì ń lù kì kì kì, ìkejì wọn tẹjú mọ́ aago ara ògiri. Mo ní mà, ṣé kò sí wàhálà? Wọ́n ní "Ìyá ìbejì, ẹ fara balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó kù nínú ibi ló ń wọlé sí i lára, ó di ìṣẹ́jú kan." Háà, ìṣẹ́jú yẹn pẹ́ lójú mi.

Kẹ́yìndé ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, kò ké, ara ẹ̀ rọ̀ jọwọrọ, wọ́n nu ẹ̀yìn ẹ̀ títí kò dáhùn, ni wọ́n bá gé ìwọ́ tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, wọ́n gbé e sáré lọ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọlọ́run ṣeun, ó mí. Dókítà ọmọ wẹ́wẹ́ ní bí ọmọ ò bá mí, èémí ló ṣíwájú. Wọ́n padà fa ẹ̀jẹ̀ sí Kẹ́yìndé lára, Táyé ò gbà. Mi ò ní sọ pé ìwọ́ nìkan ló fà á, torí Kẹ́yìndé kéré sí i dáadáa. Àmọ́ láti 2014 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí wọ́n má gé e kó tó pé ìṣẹ́jú kan bí ọmọ bá ti ń mí, tóṣù ẹ̀ pé tí ò pé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ìdó:
Ẹ kú ewu ọmọ mà. Kí n fi kún un: bí ìbejì bá jọ ń lo ibi kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yí padà, torí iṣan wọn máa ń so kọ́ra nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lè máa ṣàn sára ìkejì, ìdí nìyẹn tí dókítà mí-ìn fi ń tètè gé ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n má sì fi ọwọ́ fún ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ wọ inú ọmọ tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 28 o, ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú ọpọlọ irú wọn ju àwọn tí wọ́n dúró dè lọ.

Màmá Dára, Ìkọ̀lé:
Ẹ ṣé gan-an. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kí n fi bí tèmi, ṣé wọ́n ṣì lè dúró?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ìdó:
Wọ́n lè dúró, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá máa ya lára yín jù. Ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ kílínìkì o, kó tó dórí tábìlì.