Àwo Peter Gabriel wo ni kí n gbé s'ẹ́gbẹ̀ẹ́ Face Value?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan la máa ń jókòó gbọ́ orin pa pọ̀, wọ́n wá ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí Peter Gabriel àti Phil Collins, tí wọ́n jọ wà nínú Genesis, ẹgbẹ́ olórin Ìlú Ọba kan. Gabriel kúrò ní 1975, Collins tó ń lùlù fún wọn ló bọ́ sídìí máíìkì (òun ò sì tíì kúrò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣe tiẹ̀ o).

Ti Collins ò le, Face Value 1981 ni mo máa lò, òun ló kọ́kọ́ dá ṣe. Gabriel ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo rò ó pé kí n mú èyí tó jáde ní 1980, tí "Biko" wà níbẹ̀, torí ọdún wọn sún mọ́ra, Collins fúnra ẹ̀ sì lùlù níbẹ̀, ìró ìlù gbàgà-gbàgà tí gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ ọn yẹn, ó ti wà nínú àwo Gabriel yìí ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní ìrẹ́jẹ nìyẹn, pé àwo So 1986 ló gbé Gabriel jáde fáráyé, Youssou N'Dour ará Sẹ̀nẹ̀gàl sì kọrin níbẹ̀. Mo ti gbọ́ méjèèjì ní àgbọ́túngbọ́, kò yanjú, tí mo bá sì mú So, àfi bíi pé ta ló tà jù là ń wò, mi ò fẹ́ ìyẹn rárá.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: èwo nínú méjèèjì ló máa jẹ́ ká rí ìyàtọ̀ wọn dáadáa? Ẹ má bínú pé ó gùn, mo ti dúpẹ́ sílẹ̀ o.