Ó ń rẹ ọkọ mi lẹ́yìn ìtọ́jú onítànṣán: ta ni ká lọ rí?

Ìyá Ṣọlá: Ẹ kú ojúmọ́ o. Kókó kan hù sí ẹṣẹ́ pituitary ọkọ mi, èyí tó kéré bí ẹ̀wà lábẹ́ ọpọlọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún 2018, wọ́n fi ìtànṣán jó èyí tó kù. Ara rẹ̀ le dáadáa tẹ́lẹ̀. Láti èṣí ni àárẹ̀ ò ti kúrò lára rẹ̀. Otútù ń mú un lọ́sàn-án gangan, oúnjẹ ò wù ú, bó bá dìde lórí ìjókòó, òòyì á kọ́ ọ. Ibà ni wọ́n ń tọ́jú níbi tí à ń lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta rèé! Ìmọ̀ràn yín, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dé Peckham: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú pituitary tèmi náà, ọdún kẹfà lẹ́yìn rẹ̀ ni irú àárẹ̀ yìí yọjú. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtànṣán ń pa ẹṣẹ́ yẹn, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó hàn. Dókítà họ́mọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ rí. Wọ́n wà ní UCH àti LUTH. Kí wọ́n yẹ cortisol (họ́mọ́ọ̀nù tó ń gbé ara ró nígbà àìsàn) wò ní aago mẹ́jọ àárọ̀, pẹ̀lú free T4 (họ́mọ́ọ̀nù thyroid, ẹṣẹ́ ọrùn) àti testosterone (họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin tó ń mú irùngbọ̀n hù). Bí wọ́n bá ní TSH (họ́mọ́ọ̀nù tí pituitary fi ń pàṣẹ fún thyroid) nìkan ti tó, ẹ má gbà. Ó lè dà bíi pé kò sí nǹkan.

Àgbà Òṣogbo: Àgbo ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Bàbá, ẹ má bínú, àgbo ò lè di cortisol.

Ìyá Ṣọlá, bí cortisol àti ti thyroid bá jọ lọ sílẹ̀, hydrocortisone (oògùn tó ń rọ́pò cortisol) ló ń ṣíwájú, kó tó kan levothyroxine (èyí tó ń rọ́pò ti thyroid). Bí wọ́n bá yí i sódì, cortisol díẹ̀ tó kù á tètè tán lára, èèyàn lè dákú. Ẹ tún wo irùngbọ̀n rẹ̀, ṣé ó ṣì ń hù bíi ti tẹ́lẹ̀? Dókítà máa bi í, ojú sì máa ń ti àwọn ọkùnrin láti sọ.

Bọ̀dé Peckham: Bó bá bẹ̀rẹ̀ hydrocortisone, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì o. Bí ara mi bá gbóná, ìlọ́po méjì ni mò ń lò, bí dókítà mi ṣe ní kí n ṣe. Lọ́jọ́ tí mo bá ń bì, abẹ́rẹ́ 100 mg ni, ó wà nínú báàgì mi. Káàdì wà nínú pọ́ọ̀sì mi tó ń sọ fún ẹni tó bá gbé mi pé cortisol ò sí lára mi.

Ìyá Ṣọlá: Ẹ ṣé gan-an. Irùngbọ̀n tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn, mo lọ wo bíléèdì rẹ̀. Èyí tó ti ń lò láti Ọdún Àjíǹde ni, kò tíì kújú. Ní Mọ́ńdè, a ó ti wà ní UCH kí aago mẹ́jọ tó lù.