Ìfúnpá kọ́: ìtì omi ni

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú làákàyè.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a pe agbára omi tó há sáàárín hóró iyanrìn ìsàlẹ̀ òkun ní "ìfúnpá omi ilẹ̀", torí pé ìfúnpá ti mọ́ wa lẹ́nu láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Mi ò fara mọ́ ọn. Fún àti apá ló di ìfúnpá: ohun tó wà lóde ló ń fún ti inú. Omi tí à ń sọ yìí, inú ló wà, òun ló ń ti àwọn hóró kúrò lára ara wọn.

Bí orí ìgbì bá ń kọjá lókè, ó ń tẹ ilẹ̀ òkun; bí ikòtò tó tẹ̀ lé e bá dé, ìtẹ̀ náà á dẹ̀. Tó bá fi máa wọlẹ̀ tó ìdajì gígùn ìgbì náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láàárín òkúta wẹ́wẹ́, omi rọ́nà sá lọ. Nínú iyanrìn kíkúnná, kò ráyè. Ìgbì mìíràn á ti dé kí ti ìṣáájú tó rọlẹ̀, agbára omi á sì máa gorí ara wọn. Nítorí náà mo ní: "ìtẹ̀ ìgbì" fún ti òkè, "ìtì omi" fún ti inú. Òótọ́ ni pé ìtì igi wà, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ "ìtì omi" tí yóò ronú kan igi? Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìgbì, ká pè é ní ìtì àlọbọ̀. Èyí tó ń pọ̀ sí i, ìtì àgbájọ.

"Yíyọ́ ilẹ̀", orúkọ tí wọ́n fẹ́ fún ìgbà tí ilẹ̀ bá rọ̀ bí omi, ni mo takò jù. Iyọ̀ ń yọ́, òrí ń yọ́. Iyanrìn kì í yọ́. Ẹ dúró létí omi, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ kì iyanrìn tútù lójú kan, kíákíá kíákíá. Láìpẹ́ omi á sun jáde, ilẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹsẹ̀ yín á sì máa rì. Hóró kankan ò sọnù níbẹ̀; dídìmọ́ra wọn ló tú. Ilẹ̀ ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. "Ìjọ̀wọ́ ilẹ̀" ni tèmi. Páìpù tó fúyẹ́, tí wọ́n rì mọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, lè léfòó jáde.

Nígbà ìjì Camille, lóṣù kẹjọ 1969, nítòsí ẹnu odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, ìgbì tẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun títí ó fi yọ̀ lọ, tó sì gbé pèpéle irin tí wọ́n fi ń wa epo ṣubú. Ẹrẹ̀ yẹn náà ò yọ́.

Ó ku ibi tí omi há sí. Àwọn kan ń pè é ní ihò, èmi ń pè é ní àlàfo, torí kò sẹ́ni tó lu nǹkan kan níbẹ̀. Kí lẹ rí sí i?