Bẹ́árìn iwájú Hilux: ṣé sípíńdù tó ti jẹ ṣì ṣeé lò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Hilux àtijọ́ ni, èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń wa ọkọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ń hó tó bá ti ń sáré lórí Third Mainland Bridge, ariwo náà sì ń pọ̀ sí i tí a bá yí ọwọ́ sí ọ̀tún.

Mo ti tú kálípà bíréèkì, mo fi wáyà gbé e kọ́ kí ó má fa họ́ọ̀sì bíréèkì, mo yọ píìnì àti nọ́ọ̀tì, mo sì fa họ́ọ̀bù (ibi tí a ń de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́) jáde. Kọ́ọ̀pù méjèèjì, ìyẹn òrùka irin inú họ́ọ̀bù tí bẹ́árìn ń yí nínú rẹ̀, ti ní ihò wẹ́wẹ́. Bẹ́árìn tuntun nínú kọ́ọ̀pù àtijọ́, òfo ni, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni mo máa pààrọ̀, títí kan ọ́ìlì síìlì.

Ibi tó ń dà mí láàmú nìyí: sípíńdù ni ọ̀pá irin tí họ́ọ̀bù ń yí lé lórí; ojú rẹ̀ tí bẹ́árìn inú ń jókòó lé ti jẹ, bẹ́árìn tuntun sì ń mì lórí rẹ̀. Ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀, wọ́n ní kí n fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lù ú yíká kí ó lè di bẹ́árìn mú. Ẹ̀rù ń bà mí, torí góńgó wẹ́wẹ́ tí lílù yẹn bá gbé sókè ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù ọkọ̀, kò sì ní pẹ́ jẹ dànù. Ṣé kí n ra sípíńdù tòkunbọ̀ ni, àbí a lè jó irin lé e kí wọ́n gbẹ́ ẹ padà láìjẹ́ pé iná á sọ ọ́ di èyí tó ń ṣẹ́?

Nípa nọ́ọ̀tì, mo máa ń fún un bí mo ṣe ń yí họ́ọ̀bù, màá tú u, màá wá fi ọwọ́ lásán fún un padà kí n tó ki píìnì bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tó ń kó yanrìn tàbí sìmẹ́ńtì, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ń ṣe é?