Ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń fún ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ó ṣeé gbọ́kàn lé?

Aránṣọ Kútọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an ni. Mo ra máṣíìnì wífìn, èyí tí a fi ń ran etí aṣọ kó má baà tú, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣù tó kọjá, ₦160,000, owó àjọ tí mo dá fún oṣù mẹ́jọ. Kí n tó sanwó, mo fara balẹ̀ ka ohun tí àwọn tó ti rà á kọ síbẹ̀. Wọ́n lé ní 200, ìràwọ̀ márùn-ún sì ni èyí tó pọ̀ jù fún un. "Ọjà gidi." "Ó dé kíá." "Ọlọ́run á bùkún yín." Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ń wífù aṣọ ẹbí oníbàárà kan, ni mótò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jóná. Òwú ìsàlẹ̀ kò mú tòkè mọ́, etí aṣọ kàn ń tú lọ́wọ́ mi ni. Mo padà lọ ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó sọ pé òun fi ran nǹkan kan!

Ṣé ẹ̀yin ṣì ń gbà wọ́n gbọ́?

Aláàdìrẹ Ìtòkú:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Owó àjọ dun èèyàn ju owó mìíràn lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan kàn sí mi lórí WhatsApp pé kí n san ₦20,000, òun á wá àádọ́ta èèyàn tí yóò yin ṣọ́ọ̀bù mi lórí Google. Kò fọwọ́ kan aṣọ mi rí o. Mo kọ̀. Ẹni tó bá gbà ńkọ́, ta ló máa mọ̀?

Bí èèyàn bá wá ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi, mo máa ń ní kó yí aṣọ sódì. Èyí tí a rẹ sínú aró, àwọ̀ rẹ̀ á wọlé dé ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń funfun. Bí mo ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ oníbàárà wò náà nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò: bí ogójì èèyàn bá yin ọjà kan láàárín ọjọ́ méjì, tí gbogbo rẹ̀ wá pa lọ́lọ́, mo ti sá nìyẹn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wá àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta, torí àwọn ló sábà máa ń sọ ibi tó dára àti ibi tó kù sí.

Ẹni tó kọ "ó dé kíá" lè má purọ́ o. Ọjọ́ tí ọjà dé ló kọ ọ́. Ẹni tó gbé ọjà wá ló ń yìn, kì í ṣe máṣíìnì.

Atúnmáṣíìnìṣe:
Ẹ má tíì tú máṣíìnì yẹn o! Bí ẹ bá tú u, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á. Òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, kò gbà kí ontajà fi irọ́ polówó ọjà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin yẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá 2024 ni òfin ti de ríra àti títa irú ìyìn èké yìí.

Aránṣọ Kútọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ya fídíò náà. Èmi náà á kọ tèmi síbẹ̀ lálẹ́ yìí: ìràwọ̀ kan, ọjọ́ kẹsàn-án, àti fọ́tò etí aṣọ tó tú.